Ìgò Tí Kò Ní Orúkọ: Ìtọ́jú Irinṣẹ́ àti Ọ́ìlì Ọkọ̀ Nínú Ilé

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin onílé wa, bí ẹ bá wo àgbàlá yín ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá baálé ilé, tàbí ọmọkùnrin yín tí ó ti dàgbà, níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí lábẹ́ ọkọ̀ tí ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí kì í bá ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, alùpùpù tí a fi ń ṣe ọ̀kadà ni. Bí kì í bá ṣe alùpùpù, jẹnẹrétọ̀ ni. Owó tí mẹkáníìkì ń gbà ń pọ̀ sí i, iṣẹ́ náà kò sì le ju ohun tí ẹni tí ó ní sùúrù lè kọ́ lọ. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é mọ́. Ohun tí a fẹ́ bi yín ni èyí: nígbà tí ó bá ṣe é tán, tí ó ti fọ ọwọ́, tí ó sì ti wọlé wá jẹun, níbo ni ọ́ìlì àtijọ́ tí ó tú jáde wà? Inú kí ni ó wà? Ta ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó o?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. "Ìyá Bọ́lá, bá mi mú bàsíà kan wá," ni bàbá yóò sọ láti abẹ́ ọkọ̀. Lẹ́yìn náà yóò tún bèèrè àrọ, yóò bèèrè ìgò òfìfo, yóò bèèrè àkísà. Ìyá ilé ni ó mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ni wọ́n ti ń gba àwọn ohun èlò wọ̀nyí, a jẹ́ pé ẹ ní àṣẹ láti sọ pé èyí kò gbọdọ̀ lọ sí ìdí ọkọ̀, àti pé tọ̀hún kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.

Àwọn àgbà ní ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin kò lè ka ohun tí a kọ sí ara ìgò. Ìrísí ìgò nìkan ni ó mọ̀. Ó ti rí i tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu mínírà nínú irú ìgò báyìí, ó sì ti rí i tí ìyá rẹ̀ mu omi nínú irú ike báyìí. Kẹrosíìnì jọ omi. Omi bátìrì, tí í ṣe ásíìdì tí ó lè jó ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, jọ omi gidi. Ọ́ìlì tuntun jọ òróró tàbí oyin. Omi aláwọ̀ tí a ń dà sí rédíétọ̀ ọkọ̀ a sì máa dùn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni májèlé ni fún kíndìnrín. Láti ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà ọmọdé ní ilẹ̀ wa ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kẹrosíìnì wà lára ohun tí àwọn ọmọ kékeré ń ṣèèṣì mu jù lọ, inú ìgò mínírà tàbí ike omi ni wọ́n sì sábà máa ń bá a.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ọdún 1959, ní ìlú Meknès ní orílẹ̀-èdè Mòrókò, àwọn oníṣòwò kan da ọ́ìlì ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú pọ̀ mọ́ òróró ìdáná, wọ́n sì tà á fún ará ìlú. Nǹkan bí 10,000 ènìyàn ni ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Àwọn tí wọ́n rà á kò mọ nǹkan kan. Òróró ni wọ́n pè é, inú ìgò òróró ni wọ́n sì bá a. Nílé tiwa níhìn-ín ní Nàìjíríà, ní òpin ọdún 2008, oògùn kan tí a ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ tí ń hu eyín di ikú nítorí pé ohun tí ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí àwọn tí ó pò ó rà kì í ṣe ohun tí a pè é. Diethylene glycol ni, ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà tí a ń lò nínú omi rédíétọ̀ àti nínú epo bíréèkì. Ọmọ 84 ni ìròyìn ìjọba sọ pé ó kú. Ọ̀ràn wọ̀nyí tóbi ju ti àgbàlá wa lọ, ṣùgbọ́n bákan náà ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀: ohun tí kì í ṣe jíjẹ wà nínú ohun tí a fi ń tọ́jú jíjẹ, tàbí orúkọ ara kẹ́ẹ̀gì kò bá inú rẹ̀ mu.

Ẹ lè bèèrè pé kí ni ó mú kí ọ́ìlì tí a ti lò burú ju tuntun lọ. Ọ́ìlì tuntun wọ inú ẹ́ńjìnnì ní àwọ̀ oyin. Bí ó ti ń yí kiri láàárín irin tí ń ha ara wọn, ó ń gba lẹ́búlẹ́bú irin, ó ń gba èérí iná, ó sì ń gba ìṣẹ́kù bẹntiróòlù tí kò jó tán. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dúdú. Nígbà tí wọ́n ṣì ń po òjé mọ́ bẹntiróòlù, òjé náà kún inú rẹ̀. Ní ọdún 2021 ni orílẹ̀-èdè tí ó gbẹ̀yìn ní gbogbo ayé ṣíwọ́ títa irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n àwọn èròjà tí iná ń bí nínú ẹ́ńjìnnì ṣì wà níbẹ̀. Ní ọdún 1922, àwọn dókítà ní agbègbè Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé lórí àwọn ọkùnrin tí ń ṣiṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ ìrànwú, tí ọ́ìlì ẹ̀rọ ń ta sí ṣòkòtò wọn lójoojúmọ́, tí jẹjẹrẹ sì mú wọn ní awọ ojú ara. Kì í ṣe ẹ̀kán kan ní ọjọ́ kan ni ó ṣe é, bí kò ṣe aṣọ kan náà tí ọ́ìlì ti mu, tí a ń wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà kò yẹ kí jìnnìjìnnì bá ẹnikẹ́ni nítorí ọ́ìlì tí ó ta sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó fọ̀ ọ́ kúrò ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí irinṣẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò pọ̀: sípánà tí ó bá bóòtù ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mu gẹ́lẹ́, ohun tí a fi ń tú fílítà, abọ́ tí ọ́ìlì yóò dà sí, àrọ, kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa, àkísà, àti ìbọ̀wọ́ oníróbà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré a máa gba nǹkan bí lítà 4. Alùpùpù ọ̀kadà a máa gba nǹkan bí lítà 1. Jẹnẹrétọ̀ ilé kékeré a máa gba ìwọ̀n tí ó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ lítà. Abọ́ tí a óò fi gba ọ́ìlì gbọ́dọ̀ tóbi tó ìlọ́po méjì ohun tí ń jáde, nítorí pé kì í rọra jáde ní ìbẹ̀rẹ̀. Ṣe ni ó ń tú yàà, bí abọ́ bá sì kéré, ilẹ̀ ni yóò gba ìyókù.

Níbi abọ́ yìí ni a ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé jù. Bàsíà tí a fi ń wẹ ọmọ ni ó sún mọ́ni jù lọ, àrọ tí a fi ń rọ epo pupa ni ó sì wà lórí ìṣó nílé ìdáná. A óò lò wọ́n tán, a óò fi ọṣẹ bó wọn, wọn yóò sì funfun lójú. Ṣùgbọ́n ike kì í ṣe àwo tánganran. Ọ́ìlì a máa wọ inú ike, òórùn tí kì í lọ ni yóò sì sọ fún yín pé ó ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí a gbà yín níyànjú rẹ̀ kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì àtijọ́ kan, kí ẹ dé ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀bẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó wà lókè kúrò: abọ́ ọ́ìlì dé. Ẹ gé ike omi ní ìdajì, kí ẹ dojú apá ọrùn rẹ̀ délẹ̀: àrọ dé. Ìdí tí àwọn wọ̀nyí fi dára ju èyí tí a rà lọ ni pé kò sí ẹni tí yóò ṣèèṣì kó wọn padà sí ilé ìdáná. Ẹ fi ọ̀dà pupa kun etí wọn, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ilé, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti àlejò, pé ohun tí ó bá ní ọ̀dà pupa, ti ọkọ̀ ni.

Ẹ̀rọ ìtọ́jú wọn náà kò le. Ibì kan ṣoṣo ni kí gbogbo rẹ̀ máa wà. Àpótí pákó tí ó ní àgádágodo dára púpọ̀. Bí kò bá sí, pẹpẹ tí ó ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà lè tó bí ó bá dúró lórí àga, nínú yàrá tí a ń tì. Ẹ fi ìkọ́ kọ́ sípánà àti àrọ sí ara ògiri, kí ẹ to ohun olómi sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí èyí tí ó bá jò má baà kán sí orí irinṣẹ́. Kì í ṣe abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ibi ọ́ìlì, kì í sì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àpò gààrì. Kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ìdí ààrò tàbí sítóòfù, pàápàá bí bẹntiróòlù bá wà lára ohun tí a kó síbẹ̀. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni kan tí a mọ̀. Àwọn kan yóò sọ pé ariwo yìí ti pọ̀ jù nítorí sípánà mẹ́ta àti kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Kí ohun olómi kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tí wọ́n fi tà á gan-an. Bí a bá ní láti dà á sí òmíràn, kẹ́ẹ̀gì tí kò jọ ti ohun mímu rárá ni kí a lò, kí a kọ orúkọ ohun inú rẹ̀ gàdàgbà sí i lára pẹ̀lú ọjọ́ tí a dà á, kí a sì fi ọ̀dà fa àmì X pupa sí i nítorí àwọn tí kò mọ̀wé kà. Ìgò tí kò ní orúkọ kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú nínú ilé yín. Ó tún ku ohun kan tí àwa obìnrin máa ń ṣe: gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tuntun tí ó ti tán, tí a fọ̀ mọ́ tónítóní, tí a wá rọ epo pupa tàbí omi mímu sínú rẹ̀ nítorí pé ó lágbára tí ìdérí rẹ̀ sì dára. A mọ̀ pé kò rọrùn láti ju ohun tí ó dára bẹ́ẹ̀ nù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ́ìlì àtijọ́ tí a tú jáde; iṣẹ́ tí ó yẹ ẹ́ gan-an nìyẹn, orúkọ tí ó tọ́ sì ti wà ní ara rẹ̀.

Ní ọjọ́ iṣẹ́ gan-an, kí àwọn ọmọ wà lọ́dọ̀ ẹnìkan tí yóò máa ṣọ́ wọn títí a ó fi kó gbogbo rẹ̀ wọlé. A máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè yọ́, kí ó sì ṣàn dáadáa, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni kí a ti ṣe é, kì í ṣe nínú gáréèjì tí a tì tàbí ní fàráńdà tí fèrèsé yàrá ṣí sí, nítorí èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan tí a kì í rí, tí a kì í gbóòórùn rẹ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Lẹ́yìn náà kí a pa á, kí a dúró kí ooru rẹ̀ rọlẹ̀. Ọ́ìlì gbígbóná a máa bó ọwọ́ bí omi híhó. Ní ti jáàkì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní: jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ sókè, kò wà fún dídì í mú. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wẹ́ẹ̀jì wà ní ìdí táyà, kí ọkọ̀ sì jókòó lórí ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ṣe fún un kí orí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í ṣe ẹsẹ̀ irin. Ó lè fọ́ lójijì. Bí ẹsẹ̀ irin kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kí ẹ máa pààrọ̀ ti jẹnẹrétọ̀ àti alùpùpù nìkan nílé.

Ọ̀rọ̀ wá kan ibi tí ọ́ìlì dúdú yóò lọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kọ̀ńdẹ́ḿ. Ní agbègbè wa, láti Ìlúmọba dé Ìkẹ́rẹ́, Ìṣẹ̀ àti Ẹmùrè, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń dà á sí ìdí ìpìlẹ̀ ilé nítorí ikán. Àwọn mìíràn ń dà á sí koríko àgbàlá kí ó lè kú, àwọn mìíràn sì ń fi í pa ara ajá tí èkúkú mú. Ó ń pa ikán lóòótọ́, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ tí a ń gbé. Ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta Olósùnta àti Òròlé ti yọrí sókè bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé àpáta kan náà ni ó wà lábẹ́ ilé wa, àti pé ní ọ̀pọ̀ ibi, ilẹ̀ tí ó bò ó kò nípọn. Inú ilẹ̀ fẹ́lẹ́ yìí ni omi kànga wa wà. Ohun tí a dà sí ìdí ìpìlẹ̀ lónìí, òjò yóò wẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, àpáta kò ní jẹ́ kí ó jìn, kànga ni yóò sì yà sí. Ní Ìṣẹ̀ àti Ẹmùrè, àgbàrá tí ó ru ọ́ìlì inú gọ́tà kò níbi tí yóò lọ ju àwọn odò tí ń ṣàn lọ bá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kan lè ba mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Bí ẹ bá rí àwọ̀ òṣùmàrè lójú omi kànga yín, ẹ má ṣe rò pé sísè yóò mú un kúrò.

Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì àtijọ́ tutù, kí ẹ rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù rẹ̀, kí ẹ dé e le, kí ẹ sì kó o lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wọ́n ní àgbá tí wọ́n ń kó o jọ sí, àwọn tí ń rà á lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ mìíràn sì wà. Ẹ má ṣe po omi, kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù mọ́ ọn. Fílítà àtijọ́ pẹ̀lú, ẹ dojú rẹ̀ dé abọ́ títí di ọjọ́ kejì kí ó lè ro tán. Èyí tí ó bá dà sílẹ̀, ẹ da yanrìn tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó lé e, kí ẹ gbá a jọ sínú ọ̀rá; ẹ má ṣe fi omi gbá a lọ sí gọ́tà. Ẹ má ṣe fi àkísà ọ́ìlì dá iná ìdáná, nítorí èéfín rẹ̀ yóò wọ inú oúnjẹ àti imú yín.

Kí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnwọ́, kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ èékánná, kí ó tó fọwọ́ kan ọmọ tàbí oúnjẹ. Bẹntiróòlù kì í ṣe ọṣẹ. Ó ń mú ọ́ìlì kúrò kíá, ṣùgbọ́n ó ń bó ọ̀rá ara, ó ń mú kí awọ là, abọ́ bẹntiróòlù tí a fi fọ irinṣẹ́ tí a sì gbàgbé sí ìta ni ó sì léwu jù nínú gbogbo ohun tí a ti kà. Kí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sí ìta. Kí a fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìtẹ́dìí ọmọ.

Bí ọmọ bá mu nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ẹ má ṣe ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, omi iyọ̀, ẹyin tútù tàbí mílíìkì. A mọ̀ pé epo pupa ni àwọn ìyá wa fi ń pa májèlé, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì àti bẹntiróòlù kì í fi bẹ́ẹ̀ pa ọmọ láti inú ikùn. Bí ọmọ bá ń bì í ni ó ń ṣẹ́rí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Epo pupa ń mú èébì wá, òun pàápàá sì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí omi bátìrì ni ó mu, bíbì í yóò tún jó ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ bọ́ aṣọ tí ó dà sí kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ àti omi fọ awọ ara rẹ̀. Bí ó bá ta sí ojú, ẹ máa fi omi mímọ́ ṣan án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín jù lọ lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa bọ̀ ní Adó, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ẹ má ṣe kọ́kọ́ padà sílé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó tàn yín pé ọmọ ń ṣeré. Ikọ́, mímí gúle-gúle àti oorun àsùnwọra lè dé lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ìdí sì nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà. Bí ó bá fẹ́ bì fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀. Ẹ mú ìgò tàbí kẹ́ẹ̀gì náà dání bí ó ti wà, kí ẹ dé e pa pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì àkókò tí ọmọ mu ún, ìwọ̀n tí ẹ rò pé ó mu, àti ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ti fún un kí ẹ tó dé ibẹ̀.